Aláìráyè Inú Ọkọ̀

Lára àwọn èrò tí ọkọ̀ ń gbé láti Ìlọrin, gba Àjàsẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán, lọ sí Òsì àti Ìlọ́fà, ní agbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ tó ti wà nínú ìpínlẹ̀ Kwara láti ọdún 1967, tí kò sì bá àwọn Èkìtì yòókù lọ nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, irú ènìyàn kan wà tí a lè pè ní Aláìráyè. Ó lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Ó lè jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì lè jẹ́ oníṣòwò tó ń ti ọjà bọ̀. Àmì méjì ni a fi ń dá a mọ̀: ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo, ìráhùn pé òun kò ráyè kò sì tán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àmì wọ̀nyí kì bá tí hàn sí ẹnikẹ́ni, nítorí pé ọwọ́ òfìfo kì í ṣe ohun tuntun nínú ọkọ̀ èrò, bí kò bá ṣe pé obìnrin kan jókòó tì í tó ń hun nǹkan.

Ìhun tí à ń wí yìí kì í ṣe ti òfì. Kóróṣè ni, ìyẹn iṣẹ́ tí a ń fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó ní ìwọ̀ lẹ́nu ṣe, tí a fi ń fa òwú gba inú ojú òwú mìíràn kọjá, títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi di fìlà ọmọ, ìbọ̀sẹ̀ tàbí ẹ̀wù òtútù. Ó yàtọ̀ sí nítìn, èyí tí a ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì hun, nítorí pé igi nítìn ló ń gbé gbogbo ojú tó wà lórí ìlà kan lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọkọ̀ bá sì já sí kòtò tí igi náà yọ, ojú rẹpẹtẹ lè tú kí awakọ̀ tó sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Ojú kan péré ni abẹ́rẹ́ kóróṣè ń gbé, ìdí sì nìyí tí ẹni tó mọ kòtò ojú ọ̀nà fi ń yan kóróṣè. Òwú rẹ̀, tí gbogbo ọjà ń pè ní wúùlù, kì í sábà jẹ́ irun àgùntàn. Okùn tí ilé iṣẹ́ ń fi èròjà inú epo rọ̀bì ṣe ni. Kíkà ló gbé iṣẹ́ náà ró: ẹni tó ń hun ń ka ojú lọ́kàn, bí wọ́n bá sì fi ọ̀rọ̀ dá a dúró láàárín ìlà, àfi kó padà kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Aláìráyè kò mọ èyí, bó bá sì mọ̀ ọ́n pàápàá, kò kàn án.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í yí padà: ta ló lóyún? Bí òwú náà bá funfun, yóò ti wo ikùn obìnrin náà kó tó wo ojú rẹ̀, yóò sì gba àdúrà tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà. Bí ọkùnrin Hausa bá jókòó sí ibẹ̀ kan náà, tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí fìlà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é ní gbangba káàkiri, Aláìráyè kò ní bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ ti bímọ. Yóò gbà pé ọkùnrin náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ oyún ló kan fífọwọ́ kàn: yóò na ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ gúgúrú tán, yóò fi ìka méjì mú etí iṣẹ́ náà, yóò sì fà á wò bóyá ó yi. Gbogbo èyí ṣì ṣeé fojú fò. Èyí tí kò ṣeé fojú fò ni gbólóhùn tó máa ń tẹ̀ lé e: “Èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe o, Àǹtí, àìráyè ni ò jẹ́.”

Ó yẹ kí a wo ibi tí wọ́n ti sọ gbólóhùn yìí dáadáa. Gáréèjì ni. Ọkọ̀ gáréèjì kì í ní aago tó ń tẹ̀ lé. Ìgbà tó bá kún ló ń gbéra, ìyẹn nígbà tí ènìyàn méjì bá ti há sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ níwájú, tí mẹ́rin sì há sẹ́yìn, ìgbà tí yóò sì kún kò sí lọ́wọ́ agbèrò, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa pariwo orúkọ ìlú pe èrò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ẹni tó kọ́kọ́ dé lè jókòó láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Aláìráyè wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé. Láti ìgbà tó ti jókòó, ó ti ka iye èrò tó kù láìmọye ìgbà, kò sì sí ìgbà kankan tí iye náà dín nítorí kíkà rẹ̀. Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti tún gòkè. Ó ti ṣẹ́ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí wọ́n fi dún. Ó ti ṣí fóònù, ó ti pa á, ó sì ti tún un ṣí láti wo ohun tó rí kó tó pa á. Ó ti ka àkọlé tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ iwájú sókè ketekete, ó sì ti ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó jókòó tì í, tí àwọn náà mọ̀wé kà. Ní báyìí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún, wọ́n dojú sókè, àtẹ́lẹwọ́ mọ́ tónítóní, wọn kò ṣe ohunkóhun ju kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí wọn. Ibi tó jókòó báyìí gan-an ló ti yíjú sí obìnrin tí wọ́n jọ dé gáréèjì, tí wọ́n jọ san owó ọkọ̀ kan náà, tí wọ́n jọ ń dúró de ẹni kẹfà kan náà, tó sì ti hun fìlà dé ìdajì, tí Aláìráyè sì sọ fún un pé àyè ni òun kò ní.

Kì í sọ ọ́ lásán, ẹ̀rí wà. Ní kíláàsì iṣẹ́ ilé, òun ló gbégbá orókè. Ẹ̀wù òtútù kan sì wà nínú àpótí nílé, tó bẹ̀rẹ̀ nígbà oyún àkọ́bí. Apá kan ti parí, apá kejì dé ìgbọ̀nwọ́. Àkọ́bí náà ti wọ yunifásítì, Aláìráyè a sì máa sọ èyí pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni pé ọmọ ló yára dàgbà jù. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, ìyàwó rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n hun, àìráyè ló sì dá ìyàwó náà dúró. Oore ọ̀fẹ́ ni, ó ti bá a ṣe àwíjàre sílẹ̀ láìjẹ́ pé obìnrin náà wà níbẹ̀. Ètò sì wà. Yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí lẹ́yìn òkú àgbà kan tó wà nílẹ̀, tàbí bí Kérésì bá ti kọjá. Kó tó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ọyẹ́ yóò ti ká kúrò nílẹ̀, ta ló sì ń hun ẹ̀wù òtútù de oòrùn? Ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀: irọ́ ni. Àyè wà. Òun gan-an ló jókòó sínú rẹ̀.

Irọ́ náà tún burú sí i ní agbègbè yìí, nítorí pé kí ọkọ̀ tó dé Òsì, Aláìráyè yóò ti sọ fún àwọn àjèjì inú ọkọ̀ pé ìlú oníṣẹ́ ọwọ́ ni ìlú òun. Òótọ́ ni. Ọmọ Òsì ni Àreògún, ọ̀kan nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí wọn kàn jù ní ilẹ̀ Yorùbá, tó kú ní 1954. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, ló sì kọ́ Lámídì Fákẹ́yẹ ní iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí àlùfáà ìjọ Àgùdà kan, Kevin Carroll, dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Odò-Ọ̀wà, ní Òkè-Ẹ̀rọ, ni Bámigbóyè ti wá, ẹni tí ilé ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022. Aláìráyè rí àwòrán ìpàtẹ náà lórí fóònù, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀. Ohun tí kì í dé ọkàn rẹ̀ ni pé ère Ẹ̀pà, ìyẹn ère ńlá tí wọ́n ń gbé karí níbi ọdún, tó jẹ́ pé láti inú ìtì igi kan ṣoṣo ni agbárí rẹ̀ àti gbogbo ènìyàn tó wà lórí rẹ̀ ti jáde, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ yóò dilẹ̀. Bó bá wá jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, yóò ka ewì J. F. Ọdúnjọ lórí iṣẹ́, èyí tó wà nínú ìwé Aláwìíyé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, fún ẹni kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà.

Àwọn ìyá ìyá Aláìráyè kò ní àyè jù ú lọ. Òfì àwọn obìnrin, èyí tó dúró sókè ti ògiri, tí aṣọ rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti òfì àwọn ọkùnrin lọ, inú ilé ló máa ń wà, kí ẹni tó ń hun lè gbọ́ igbe ọmọ, kó dìde lọ ro ọbẹ̀, kó sì padà wá fi ọ̀já òwú bíi mélòó kan kún aṣọ kí iṣẹ́ mìíràn tó pè é. Nínú àlàfo iṣẹ́ méjì ni aṣọ ti ń jáde. Ohun kan náà ni àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe nígbà ogun 1939 sí 1945, tí wọ́n ń hun ìbọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun nínú ọkọ̀ ojú irin àti nínú ihò tí wọ́n sá sí nítorí bọ́ǹbù; kò sì sí ẹni tó kọ́kọ́ fún wọn ní ìsinmi kí wọ́n fi ṣe é.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ti gbéra, tí ó bá sì ku díẹ̀ kó dé ibi tí yóò ti sọ̀ kalẹ̀, Aláìráyè yóò dé orí ohun tó ti ń bọ̀ wá sọ láti àárọ̀: “Àǹtí, ẹ bá mi hun ọ̀kan fún ọmọ-ọmọ mi.” Obìnrin náà yóò dá iye. Aláìráyè yóò ké, yóò bi í ní iye tí wọ́n ń ta wúùlù, yóò yọ iye wúùlù kúrò nínú iye tó dá, yóò sì béèrè kí ni èyí tó ṣẹ́ kù wà fún. Obìnrin náà yóò ní owó iṣẹ́ ni. “Iṣẹ́ wo? Èyí tí ẹ kàn jókòó tí ẹ ń ṣe yìí?” Ibí yìí ni ìṣirò rẹ̀ ti jáde kedere: àkókò tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n débi pé kò rí èyí tí yóò fi kọ́ ojú òwú kan, ti ẹlòmíràn sì pọ̀ débi pé kò tó kọ́bọ̀ lọ́jà rẹ̀. Kò sí olójúkòkòrò tó burú ju ẹni tó ń ṣahun ohun tó ń fi ṣòfò.

Yóò gba nọ́ńbà fóònù obìnrin náà, yóò ní òun yóò pè é lọ́jọ́ Sátidé, kò sì ní pè. Nígbà tó bá délé tí wọ́n bi í léèrè ìdí tó fi pẹ́, yóò sọ pé ọkọ̀ kò tètè kún, pé òun ìbá ti ra fìlà fún ọmọ lọ́wọ́ obìnrin kan tí àwọn jọ wọkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n gógó ló fẹ́ tà á, bẹ́ẹ̀ jíjókòó lásán ló jókòó láti àárọ̀.