Ìsọmọlórúkọ Bàálù

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn aláṣẹ òde òní ti fi kámẹ́rà rọ́pò ilé. Ẹ wo T-46, bàálù jẹ́ẹ̀tì tí Fairchild ṣe kí àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà lè máa fi kọ́ awakọ̀ tuntun, kí T-37 tó ti gbó lè lọ sinmi. Oṣù Èrèlé 1985 ni wọ́n gbé e jáde fún aráyé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ kò tíì sí níbẹ̀. Lábẹ́ afárá Anthony ní Èkó, agbèrò tó láyà jù lọ kò jẹ́ pe èrò sínú dánfó tí wọn kò tíì so ẹ́ńjìnnì mọ́. Oṣù Ọ̀wàrà ló tó fò, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti ṣèlérí. 650 ni àwọn ọmọ ogun náà ní àwọn yóò rà. Mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe. Nígbà tí owó ìjọba ń wọ́n, bàbá ọmọ fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ ogun òfurufú, ló yọ owó oúnjẹ rẹ̀ kúrò nínú ìṣúná. Fairchild ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Farmingdale pa ní 1987; T-37 arúgbó ṣiṣẹ́ títí di 2009.

Ẹnìkan á ní àkọ́ṣe kúkú wà fún ìdánwò, kò sì sí ìtìjú bó bá kùnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ní ń pe àlejò síbi ìdánwò? Ní Kàdúná, oṣù Ọ̀pẹ 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí aṣọ lójú Gulma, bàálù tí kò ní awakọ̀. Ní 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí aṣọ lójú òmíràn, Tsaigumi, ní Kàdúná kan náà. Wọ́n ti ń sọ àbúrò lórúkọ kí a tó rí ibi tí ẹ̀gbọ́n ti ń rìn. Nígbà tí a sì nílò èyí tó lè ju bọ́ǹbù, Ṣáínà la lọ.

Ẹ má sì tìtorí èyí sọ pé ọwọ́ wa kò tó iṣẹ́ náà. Ní Kàdúná yìí náà ni wọ́n ti ṣe Air Beetle ní ìparí àwọn ọdún 1980, bàálù ìkọ́ni kékeré tó ní abẹ̀bẹ̀ nímú. Kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì, kò sì dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àmọ́ orí RV-6A ti Amẹ́ríkà, tó ti ń fò tẹ́lẹ̀, ni wọ́n gbé e kà. Ẹ́ńjìnnì Lycoming rẹ̀ wà lọ́jà. Oníbàárà rẹ̀, àwọn ọmọ ogun òfurufú wa, sì ti wà nílẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n tó tún pe Ààrẹ wá gé ríbọ́ọ̀nù, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé hàn wá: mélòó ni wọn yóò rà, owó ọdún wo ni, ta ni yóò sì máa ta páàtì rẹ̀?