Mo Pe Ìrókò Níjà

Gírámà ni mo fi ń jẹun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn, bírò pupa mi sì ti sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ọmọlọ́mọ di ojú ogun. Ta ló wá fẹ́ sọ fún mi pé Scrabble le? Eré lẹ́tà ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ta á. Èmi ni mo ni Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ilé mi, mo ti na ìyàwó, mo ti na ọmọ, mo ti na àna mi tó wá kí wa lọ́dún Iléyá tí kò tíì jẹ ẹran tán. Ó wá di pé bí àlejò bá ti rí i tí mo nawọ́ sí páálí Scrabble lórí kọ́bọ́ọ̀dù, yóò rántí pé òun fi nǹkan sórí iná nílé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, nígbà tí Wellington Jighere gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ìlú Perth, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, tó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gbà á, gbogbo wa la bá a yọ̀. Lewis Mackay, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ló nà nínú àṣekágbá, mẹ́rin sí òdo. Mo jó nínú yàrá àwọn tíṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á pé FELTY wà lára ọ̀rọ̀ tó fi ṣe é, tó sì mú pọ́ìǹtì 36 wá fún un, inú mi lọ́hùn-ún ní, “Lẹ́tà márùn-ún? Ṣé gbogbo ariwo náà nìyí?” Èmi tí mo lè kọ “perspicacity” lójú oorun.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló júwe ẹgbẹ́ kan fún mi, tí wọ́n máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń ṣe ìkómọ bí kò bá sí Scrabble. Mo wọ kóòtù tí mo máa ń wọ̀ lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá gba èsì ìdánwò. Mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè mi dání, èyí tó tóbi débi pé ọlọ́kadà ní owó èèyàn méjì lòun máa gbà.

Bí mo ṣe wọlé, ẹnì kan wo ìwé náà, ó wo èkejì rẹ̀, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá síbẹ̀. Collins Scrabble Words ni wọ́n ń lò, inú kọ̀ǹpútà kan tó wà lórí tábìlì lẹ́bàá ògiri ló sì wà. Kọ̀ǹpútà yẹn kò bìkítà fún ìtumọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wà, ojú rẹ̀ á di àwọ̀ ewé. Bí kò bá sí, á pọ́n.

Wọ́n ní kí n jókòó síwájú ọmọkùnrin kan tó gbé téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ni. Abẹ́rẹ́ méjì gún mọ́ kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, òwú búlúù ṣì wà lójú ọ̀kan.

“Ẹ káàsán sà. Ẹ̀yin ni tíṣà tí wọ́n ní ó ń bọ̀?”

“Èmi ni.”

“Ẹ má bínú sà, mà á tètè ṣe é. Kọsítọ́mà kan ń retí aṣọ ẹ̀ láago mẹ́rin.”

Mo rò pé ọ̀wọ̀ ló ń bù fún mi.

Ìtìjú mi àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ dé orí bọ́ọ̀dù. Mo gbé àpò lẹ́tà lé itan, mo kiwọ́ bọ̀ ọ́, mo sì ń wo inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ kékeré kan tó dúró lẹ́yìn mi figbe ta: “Bàbá yìí ń wo àpò o!” Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Wọ́n wá fi yé mi pé òkè ojú ni wọ́n ń gbé àpò sí. Kí ọwọ́ máa mú lẹ́tà, kí ojú máa wo ibòmíràn.

Aago ló tún kàn. Ìṣẹ́jú 25 ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan fún odindi eré kan, ẹni tó bá sì kọjá rẹ̀, pọ́ìǹtì 10 ni wọ́n ń yọ lórí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tẹ aago kí ti ẹnìkejì lè máa lọ. Èmi kò tẹ nǹkan kan. Bí mo bá ti gbé ọ̀rọ̀ tèmi kalẹ̀, ńṣe ni mò ń fẹ̀yìn tì, tí mò ń retí kí ọmọ náà yìn mí. Òun náà á káwọ́ gbera, á máa wò mí tìfẹ́tìfẹ́, aago mi á máa lọ.

Mo ṣì ń ronú ọ̀rọ̀ ńlá tí mo máa fi pa á nígbà tó fi Q àti I sílẹ̀. QI. Q náà bọ́ sórí ibi tí lẹ́tà ti ń di ìlọ́po mẹ́ta, ó kà á ní òró, ó tún kà á ní ìbú. Pọ́ìǹtì 62 fún lẹ́tà méjì!

“Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?” mo bi í.

“Mi ò mọ̀ ọ́n o, sà. Ṣé wọ́n ń béèrè ìtumọ̀ ni?”

Kò pẹ́ sí i, ó to IROKO. Ẹ gbọ́, inú mi dùn. Ìrókò kan wà lẹ́yìn ilé bàbá mi tí ìyá mi àgbà kò jẹ́ kí a tọ̀ sí nítòsí nígbà tí a wà ní kékeré. Kò sẹ́ni tó lè fi ìrókò tàn mí jẹ. Mo nawọ́ sókè: “Ṣálẹ́ǹjì! Yorùbá nìyẹn, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì!” Kẹ́kẹ́ pa. A jọ rìn dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: I, R, O, K, O. Àwọ̀ ewé. Òyìnbó tó gbé igi náà lọ kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Pọ́ìǹtì 5 ni ẹni tó bá ṣálẹ́ǹjì lásán ń san nínú ẹgbẹ́ náà. Bàbá kan tó jókòó sí tábìlì àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi ní, “Abúùrókò tí ń bojú wẹ̀yìn, ṣé òòjọ́ ni olúwéré ń jà ni?” Ẹ̀rín bú.

Olúwéré kò sì pẹ́ kó tó dé. Ọmọ télọ̀ kó gbogbo lẹ́tà méje tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bónọ́ọ̀sì 50 sì ni fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. ADVICES. Ara mi gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo ti ń fi bírò pupa pa láti ọjọ́ tí mo ti gba iṣẹ́. Àwọn ọmọ tí mo jẹ níyà nítorí S yẹn ti di abiyamọ. Mo dìde dúró. N kò kàn ṣálẹ́ǹjì, mo ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Mo ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀-orúkọ tí kì í gba S, mo fi “perspicacity” ṣe àpẹẹrẹ, mo tilẹ̀ bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Wọ́n jẹ́ kí n parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ewé.

Nígbà tí a máa fi ṣe tán, ó ti fi ohun tó lé ní 300 jù mí lọ, wọ́n sì tún yọ gbèsè aago kúrò nínú ìwọ̀nba tó kù sí mi lọ́wọ́. Ọmọ náà wo fóònù rẹ̀. “Ẹ ṣeun sà. Aago mẹ́rin ò tíì lù.”

Ọ̀pẹ ni wọ́n ń pe irú mi níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é nídìí ayò ọlọ́pọ́n. Tábìlì wọn ní ipò. Àwọn ọ̀ta wà níwájú lábẹ́ fáànù, a sì ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé tábìlì tèmi, tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí sí ohun kan: àwọn abẹ́ fáànù kọ́ ló fi mí ṣẹ̀sín jù. Wọn kò ráyè. Bàbá olówe yẹn ni ọ̀gá gbogbo wọn, òun náà ló sì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó fún mi ní bébà tí wọ́n tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì sí, 127 ni wọ́n nígbà náà. Ó ní, “Tíṣà, lọ kọ́ eléyìí ná kí o tó wá kọ́ wa ní gírámà.” Àwọn tí kò jẹ́ kí n gbádùn ni àwọn tó jókòó sí tábìlì tó ṣìkejì ilé ìtọ̀, tí òórùn rẹ̀ ṣì ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ni wọ́n ń rí mi lókèèrè tí wọ́n ń ké, “Perspicacity!” Ẹni tí wọ́n nà láàárọ̀ ló ń wá ẹni tí òun náà máa nà lọ́sàn-án.

Mo kọ́ ọ, mo fi ìtìjú kọ́ ọ. ZO, KY, CH. Mo kọ́kọ́ ń wá ìtumọ̀ wọn kiri, títí bàbá olówe fi sọ ìtàn Nigel Richards fún mi, ọmọ New Zealand tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble ti èdè Faransé lọ́dún 2015 láì gbọ́ Faransé. Ọkùnrin náà tún lọ gba ti èdè Sípéènì ní Granada lọ́dún 2024. Kò sí nǹkan tó dùn mí tó ìyẹn. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n lóye ohun tí wọ́n ń kà, kí wọ́n yé há á sórí. Àṣé àwọn tó ń há á sórí ló ń kó ife. Alfred Butts, ayàwòrán-ilé ará Amẹ́ríkà tó dá eré náà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ojú ewé ìwé ìròyìn ló ń kà láti mọ bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde sí. Ká ní ìwé ìròyìn Yorùbá ló kà ni, Q àti Z kì bá tí sí nínú àpò rárá, ọmọ télọ̀ kì bá sì rí mi gbé ṣe.

Ìyàwó mi ní mò ń ka ZA, ZE, ZO lójú oorun, ó sì béèrè bóyá kí òun pe wòlíì. Níléèwé, mo kan “advices” nínú àròkọ ọmọ kan, bírò pupa dúró sókè, kò lè balẹ̀. Mo fún ọmọ náà ní máàkì. Igbákejì ọ̀gá wa rí i, ó ní ṣé ara mi yá.

Nígbà tó yá, mo na ẹnì kan. Mo tún na ẹlòmíràn. Wọ́n gbé mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ̀, wọ́n fi mí sí tábìlì tó tẹ̀ lé e. Ẹ wá wo ìgbéraga! Ọmọ-ìka tó kéré jù ni mo wá fi ń tẹ aago. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé n kò lè bá ọ̀pẹ ta, kó má bàa ba réètì mi jẹ́. Bí ẹni tuntun bá gbé ìwé atúmọ̀ èdè wọlé, èmi ni mo ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tèmi sì máa ń pẹ́ ju ti gbogbo wọn lọ.

Ibẹ̀ ni a wà tí ìyá kan tó ń ta léèsì ní Gbági fi dé. Ó bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, ó gbé bàágì lé ẹsẹ̀, ó ní òun ti ń bá àwọn ọmọ òun ta á nílé. Mo mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó ti na àna rẹ̀ lọ́dún Iléyá.

“Màámi,” mo ní, “ẹ fara balẹ̀ o. Níbí, a kì í wo ìtumọ̀.”

“Ó dáa, Tíṣà.”

Kò kánjú. Ó ń to lẹ́tà, ó ń tú u, ó tún ń tò ó. Mo mí kanlẹ̀. Mo wo àjà. Mo kí àwọn ará tábìlì kejì, mo bi wọ́n léèrè ilé. Bó bá gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, mo máa ń fi ìka hàn án: “Ọ̀hún ló yẹ kí ẹ gbé e sí.” Á ní, “Ẹ ṣeun, Tíṣà,” á sì kọ pọ́ìǹtì rẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò tilẹ̀ ka tèmi mọ́.

P kan wà lórí bọ́ọ̀dù tí àyíká rẹ̀ ṣófo. Ọwọ́ mi ní S, E, E, R, A, T àti E. Orí mi wú. Mo to méjì sí iwájú P, mo to márùn-ún tẹ̀ lé e: SEPERATE. Mo lu aago débi pé ó fò, mo dìde, mo tẹríba fún àwọn òǹwòran. “Bónọ́ọ̀sì!”

Màámi yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nínú bàágì, ó nù ún, ó fi sójú.

“Tíṣà, mo ṣálẹ́ǹjì.”

“Màámi, pọ́ìǹtì yín máa lọ o. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ pírámárì mọ̀ nìyí.”

“Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó.”

A lọ wò ó. Ó pọ́n. Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀, ó tún pọ́n. Mo ní kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà, kí wọ́n tún un tàn.

“Bí ọmọ mi ṣe kọ ọ́ ní táàmù tó kọjá nìyẹn,” Màámi ní, bí a ti ń padà sí tábìlì. “Ẹ fi bírò pupa fà á, ẹ ní kí ó lọ kọ èyí tó tọ̀nà nígbà 50. Èmi ni mo jókòó tì í tó fi kọ ọ́ tán.”

Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀, ẹnì kan kígbe, “Perspicacity!”

Ẹni tí wọ́n bá nà ló ń ra mínírà. Mo ra méjì, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ Màámi pé kí ó mu ọ̀kan, kí ó gbé èkejì lọ fún ọmọ náà, kí ọ̀rọ̀ yìí sì parí síbí. Ó kó méjèèjì sínú bàágì. Ó ní mẹ́ta lọmọ òun, iléèwé wa sì ni gbogbo wọn wà.