Wọ́n Fi Àgádágodo Ti Ẹran Erin

Lára géètì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tó jẹ́ ti ìjọba, ní ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá tí a ó bo orúkọ rẹ̀ láṣìírí, pátákó kan wà tó yẹ kí wọ́n ti gbé wọlé tipẹ́, kó di ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń pàtẹ. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, Ajé sí Ẹtì, àyàfi ọjọ́ ọlidé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "Ẹ káàbọ̀" sí.

Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Láti Ajé sí Ẹtì, olùkọ́ wà ní kíláàsì, nọ́ọ̀sì wà ní wọ́ọ̀dù, akọ̀wé wà ní ọ́fíìsì, oníṣòwò wà ní ìsọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ráyè, ìyẹn Sátidé, Sọ́ńdè, Iléyá, Àjíǹde, Kérésìmesì, ìgbà náà gan-an ni ilé náà kì í ráyè tiwọn. Ta ni wọ́n wá ń ṣí i fún? Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí tíṣà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ wá, tí ọkàn wọn ti wà lọ́dọ̀ oní-súwíìtì níta. Àti ọ̀gá kan láti Àbújá, bó bá wá ṣàyẹ̀wò bóyá àlejò ń wá.

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá kan, ọkọ̀ kan dúró síwájú géètì náà. Ọkùnrin kan tó ti pẹ́ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló sọ̀ kalẹ̀, òun, ìyàwó àtàwọn ọmọ. Mégáàdì, àgbàlagbà tó ti hewú, dìde lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ kú ọdún o, Bàbá. A fẹ́ wọlé."

"Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe púpọ̀ ẹ̀. Ọlidé ni o, ọ̀gá."

"Torí ọlidé la ṣe wá, sà."

"Torí ọlidé la ṣe tì í náà."

"Ta ló wá mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́?"

"Ọ̀gá wa ni. Wọ́n ti lọ Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n lọ wo Ojúde Ọba."

Àwọn ọmọ náà wo àgádágodo tí wọ́n fi ọ̀rá píọ̀ wátà wé nítorí òjò. Wọ́n yọjú láàárín irin géètì, wọn ò rí nǹkan kan ju igi máńgòrò lọ. Ni wọ́n bá ya fọ́tò pẹ̀lú pátákó, gbogbo wọn sì gba ọ̀dọ̀ ìyá alámàlà tó wà ní òdìkejì títì lọ. Ìyẹn ṣí ní tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sanwó ọlidé fún un.

Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀: ẹni tí ohun ńlá ti tẹ̀ lọ́wọ́ kì í fi ohun kékeré da ara rẹ̀ láàmú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò rí tiwa. Òmùgọ̀ ayé wọn ṣì rí ẹran náà gbé. Bó ti ń fẹsẹ̀ walẹ̀, ẹrù wà lórí rẹ̀. Tiwa ti sọ ẹran erin kalẹ̀. Ó gbé e sí yàrá, ó fi àgádágodo tì í, ó wọ agbádá, ó bá wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ wa ìrẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdọọdún ni ọjà ńlá àwọn oníṣòwò ìrìn-àjò afẹ́ tí wọ́n ń pè ní World Travel Market máa ń wáyé ní gbọ̀ngàn ExCeL, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn orílẹ̀-èdè á pa àgọ́ síbẹ̀, wọ́n á máa pín ìwé pélébé, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi máa ro wọ́n. Nàìjíríà náà ti ná ọjà yìí rí. Wọ́n ń bẹ òyìnbó tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Ìfọ́n pé kó jọ̀wọ́ kó wá wo wá. Ọkùnrin Peckham yẹn, tí bọ́ọ̀sì lásán lè gbé dé ExCeL, kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ó fowó ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó kó ìdílé rẹ̀ wá, ó sì rí igi máńgòrò.

Ojú ọ̀gá tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ kò fọ́ o, nítorí Ojúde Ọba tó wò. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ti ń lọ kí Awùjalẹ̀, ọba wọn, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, láti dúpẹ́ pé ààfin fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn, a kò sì lè sọ ìtàn rẹ̀ láìdárúkọ Balógun Kúkù, olórí ogun Ìjẹ̀bú kan láyé ìgbà náà. Lónìí, àwọn regberegbe, ìyẹn ẹgbẹ́ ojúgbà, á jáde nínú aṣọ ẹgbẹ́, àwọn ọmọ ilé Balógun á gẹṣin wọlé pẹ̀lú ìbọn tó ń dún lákọlákọ. Ní 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin, pẹ̀lú sìgá ńlá lẹ́nu, yí ayé po láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kò sí ìwé pélébé tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọlidé ló sì bí gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí a ti ń gba àlejò ọlidé náà. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ fún wa ní ọlidé Iléyá ní Ẹtì, ọjọ́ 6, àti Ajé, ọjọ́ 9 oṣù kẹfà. Ojúde Ọba bọ́ sí Àìkú, ọjọ́ 8, ní àárín gbùngbùn wọn. Báńkì tó tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ di àwátì títí di òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni owó ń yí jù lọ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀rọ ATM tí owó bá tán nínú rẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ti di ère. Ọmọbìnrin oní-POS tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ló wá di báńkì àpapọ̀ ìlú. Owó iṣẹ́ rẹ̀ a sì gbẹ́nu sókè díẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a jà sí. Bí àlejò bá fẹ́ dé Òkè-Ẹ̀rì lọ wo Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, ọlọ́kadà ni yóò gbé e lọ, ọlọ́kadà náà ni yóò pìtàn fún un, èyí tó gbọ́ àti èyí tó hùmọ̀ lójú ọ̀nà.

Kì í ṣe ibi gbogbo ló rí báyìí. Ní Abẹ́òkúta, Iléyá àti Àjíǹde ni èrò máa ń ya lu Olúmọ. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tí aráyé bá sinmi ni aráyé ń gun òkè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ẹ̀rín wà níwájú. Ní 2023, ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ dara pọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun láti máa fún òṣìṣẹ́ ní ọlidé nítorí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ogúnjọ́ oṣù kẹjọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jà fún un, ó sì tọ́. Àmọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin pátákó yẹn, ọjọ́ tí gbogbo ìlú ń bọlá fún ìṣẹ̀ṣe ni ọjọ́ tí ọpọ́n Ifá, ọ̀ṣẹ́ Ṣàngó àti ère ìbejì kò gbọdọ̀ rí ènìyàn kankan. Àwọn tó ni ọdún ni wọ́n tì mọ́lé. Irú ọgbọ́n wo nìyẹn? Ta ló jókòó sórí àga, tó mu tíì, tó fọwọ́ sí i?

Wọ́n á ní òyìnbó náà ń tilẹ̀kùn. Òótọ́ ni. Louvre ní Paris kì í ṣí ní ọjọ́ kìíní ọdún, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún àti ọjọ́ Kérésìmesì. Ní England àti Wales, òfin kò gba ṣọ́ọ̀bù tó bá fẹ̀ ju mítà 280 onígun mẹ́rin lọ láyè láti ṣí ní ọjọ́ Àìkú Àjíǹde. Àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti Tokyo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Níbí ńkọ́? Ní oṣù kẹrin 2024, ìjọba kéde Ìṣẹ́gun 9 àti Ọjọ́rú 10 fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Nígbà tí oṣù kò yọ lójú ọ̀run, wọ́n fi Ọjọ́bọ̀ 11 kún un nígbà tí ọlidé àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀sìn ló ni oṣù, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló kan oṣù kan ẹni tó yẹ kó máa ta tíkẹ́ẹ̀tì?

Ẹ má lọ jìnnà. Ní ilẹ̀ Benin tó múlé tì wá, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ọlidé wà fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdọọdún. Láti 2024 ni wọ́n ti sọ àjọ̀dún náà di Vodun Days ní ìlú Wídà, tí àlejò ń ti òkèèrè wá. Ọlidé ni lóòótọ́, ọjọ́ náà gan-an sì ni ìlú ń gbàlejò.

Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ló kù. Mégáàdì wa náà lẹ́bí, òun náà fẹ́ jẹ ẹran Iléyá nílé, ẹni tó bá sì ní kó wá ṣílẹ̀kùn lọ́fẹ̀ẹ́ ń yàn án jẹ ni. Kí wọ́n sanwó ọlidé fún un, kí wọ́n fún un ní ọjọ́ mìíràn tí yóò fi sinmi. Ilé tí Mùsùlùmí, Kristẹni àti oníṣẹ̀ṣe ti jọ ń ṣiṣẹ́ kò yẹ kó wá ẹni tó máa dúró tì. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń ṣe é tipẹ́: Kristẹni á ṣe iṣẹ́ Iléyá, Mùsùlùmí á ṣe ti Kérésìmesì, wọ́n á sì gbé àwo ọdún wá fún ara wọn. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí rẹ̀. Sísítà kàn máa ń to orúkọ wọn sínú ìwé kan ni, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn á lọ bẹ ẹnìkejì rẹ̀ kí wọ́n ṣe pààrọ̀.