Alàgbà Jẹ́-N-Rò-Ó-Wò, Afẹnurajà

Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn ọmọ Ebedi títí dé Ṣakí tí ó fẹ̀yìn ti òkè Aṣábárí, tí a kò ní bá irú ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí níbẹ̀. Nítorí pé bí òṣìṣẹ́ ti ń bẹ láwùjọ, tí ọ̀lẹ ń bẹ, tí ọlọ́rọ̀ ń bẹ, tí akúùṣẹ́ sì ń bẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnì kan ń bẹ tí kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé jẹ́ kí ó máa múra àtira nǹkan. Ní Ṣakí, katakata ìroko ni ó ń múra àtirà, àwọn tí ó ń bá dámọ̀ràn sì ti fi ọkọ́ kọ ebè tán. Ní Ìsẹ́yìn, níbi tí ìró òfì kì í ti í dákẹ́ lójúmọmọ, ohun tí ó ń múra àtirà ni ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ọnà aṣọ, èyí tí àwọn ọmọ òde òní ń pè ní sọ́fítíwià. Alàgbà Jẹ́-n-rò-ó-wò ni àwọn ọmọ òfì sọ ọ́, orúkọ a sì máa ro ènìyàn.

Ẹ wò ó bí ó ti jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án: fìlà ẹtù lórí, agbádá sányán, baba aṣọ, lọ́rùn, gíláàsì tí ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé orí imú, ìwé àkọsílẹ̀ gbàǹgbà lórí itan. Inú ìwé yẹn ni ó kọ orúkọ gbogbo sọ́fítíwià aṣọ tí ń bẹ láyé sí, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú kọ̀ǹpútà tí ó lè gbé e, àti ohun tí àwọn tí ó ti rà á wí. Bí ó bá wọ Ìbàdàn, kò sí ẹni tí ń ta kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ ọ́n. Abèèrè-iye bí ẹni tí yóò san án lójú ẹsẹ̀, abẹ̀wò-má-rà, ọkọ àwọn ọlọ́jà, ó dé, wọ́n gbé àga, ó jókòó, wọ́n ra omi tútù, ó dìde, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí, wọ́n ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ ń padà bọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ n rò ó wò ná."

Kì í dá rò ó o! Àwọn àgbà ni wọ́n wí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, òwe yìí sì ni Alàgbà gùn bí ẹṣin kiri gbogbo ilẹ̀ Òkè-Ògùn. Ó ti bi àwọn olùkọ́ Pólì tí ó wà ní Ṣakí. Ó ti bi àwọn ìyálọ́jà aṣọ òkè ní ọjà Òjé ní Ìbàdàn. Ó ti bi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń gbé ní Ìlú Ọba. Bí ẹnì kan bá ní kí ó rà á, yóò wá ẹlòmíràn tí yóò ní kí ó má rà á, kí òṣùwọ̀n lè dọ́gba. Ó tilẹ̀ ti kà á níbì kan pé Jacquard, ará Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ni ó fi páálí oníhò darí ọnà lórí òfì ní nǹkan bí ọdún 1804, àti pé ọgbọ́n páálí yìí ni Babbage, ará Ìlú Ọba, yá fún ẹ̀rọ ìṣirò tí ó gbèrò láti ṣe. Nítorí náà, lójú tirẹ̀, ọmọ ahunṣọ ni kọ̀ǹpútà jẹ́. Ọmọ tí ó bá sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lájò, ó yẹ kí á wádìí ìwà rẹ̀ kí á tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Èyí tí ó wù ú jù ni Electric Quilt, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn tí ń gé aṣọ wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń rán an pọ̀ di ìbora ọlọ́nà. Ìdí tí ó rí nìyí: aṣọ àlẹ̀pọ̀ ni tiwọn, aṣọ àlẹ̀pọ̀ náà ni tiwa, nítorí pé ọ̀já tí ó ń ti ojú òfì wá kì í sábà fẹ̀ ju ínṣì 4 sí 6 lọ, àfi kí á tò ó, kí á rán an, kí ó tó di ìró tàbí agbádá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn-ún gbọ́, òótọ́ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń rán ìbora lọ́hùn-ún, aṣọ tí a ti hun tán ni ó ń gé, ti ahunṣọ Ìsẹ́yìn sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ń ta òwú sílẹ̀, tí ó ń ka iye fọ́nrán dúdú tí yóò tẹ̀lé funfun, tí ó ń ro ibi tí ṣáínì-ṣáínì yóò ti yọjú. Àwọn sọ́fítíwià tí a ṣe fún híhun náà wà, irú Fiberworks, ṣùgbọ́n òfì gbàǹgbà tí omú rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn ju òfì tiwa lọ, èyí tí omú méjì sábà máa ń tó fún. Bí ó bá sì jẹ́ aṣọ àlẹ̀pọ̀ nìkan ni, ta ni ó kọ́ àwọn tí ń rán ẹ̀kú egúngún ní bí a ti ń to ìgbálá onígun wẹ́wẹ́ sí etí aṣọ? Ní Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn obìnrin adúláwọ̀ Gee's Bend ní Alabama, tí a kó ìbora wọn lọ sí ilé ọnà Whitney ní New York lọ́dún 2002, aṣọ iṣẹ́ tí ó ti gbó wà lára ohun tí wọ́n gé, orí ara wọn ni wọ́n sì fi yà á.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé mo ń bú sọ́fítíwià. Ahunṣọ tí oníbàárà rẹ̀ wà ní Lọndọnu tàbí Houston, tí ó ń hun àpẹẹrẹ mẹ́ta kí oníbàárà náà tó mú ọ̀kan, òwú àti ọjọ́ iṣẹ́ ni ó ń dà nù. Bí ó bá lè ya mẹ́wàá lórí kọ̀ǹpútà kí ó tó jókòó sí ojú òfì, tí ó pa àwọ̀ dà níṣẹ́jú kan, owó tí ó san yóò padà wálé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ pé fọ́tò aṣọ ẹbí tí ẹlòmíràn ti hun ni wọ́n ń gbé wá bá a, tí wọ́n ní, "Ẹ bá wa hun irú èyí," kí ni ó fẹ́ fi sọ́fítíwià yà? Ìbéèrè kan ṣoṣo nìyẹn, ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gbòmìnira sì lè dáhùn rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí Alàgbà kọ sínú ìwé rẹ̀, èyí nìkan ni kò sí níbẹ̀, nítorí pé bí ó bá dáhùn rẹ̀, ìrònú ti parí.

Owó kò sì dúró de olùrònú. Nǹkan bí 240 dọ́là ni ó kọ síwájú Electric Quilt nígbà tí dọ́là ìjọba ṣì jẹ́ 460 náírà, èyí já sí nǹkan bí 110,000 náírà. Ó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Oṣù kẹfà ọdún 2023 dé, ìjọba tú okùn lọ́rùn náírà. Kí ọdún 2024 tó parí, dọ́là kan ti lé ní 1,500 náírà, ohun tí à ń rà ní 110,000 sì ti di 360,000. Ẹlòmíràn ì bá káwọ́ lérí. Alàgbà fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní, "Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n? Ẹ wo bí ó ti wọ́n tó! Bí mo bá ti rà á ńkọ́?"

Láàárín ìgbà yìí, ọmọ iṣẹ́ kan lẹ́bàá rẹ̀ ra bébà gíráàfù àti pẹ́ńsù aláwọ̀, ó sọ ojú igun kọ̀ọ̀kan di fọ́nrán òwú, ó yà á, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi WhatsApp ránṣẹ́ sí oníbàárà lókè òkun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ìbẹ̀rẹ̀ ti wọlé. Nígbà tí ó ṣe, ọmọ náà rí ètò kan lórí fóònù tí kò gba kọ́bọ̀. Ó wá kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ wá wò ó, ọ̀fẹ́ ni." Alàgbà yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ọmọ mi, ọ̀fẹ́ gan-an ni a máa ń rò jù."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tí ó rà á tí ó sì kábàámọ̀ ti san owó ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó kọ̀ ọ́ tí ó sì mọ ìdí tí òun fi kọ̀ ọ́, ọlọ́gbọ́n ni. Ìrònú àwọn méjèèjì ti bímọ. Ti Alàgbà kò bímọ, síbẹ̀ òun ni ọlá wà fún: ẹni tí ó rà á, a kò bi í léèrè mọ́, ẹni tí ó kọ̀ ọ́, a kò bi í léèrè mọ́, ẹni tí ó ṣì ń rò ó ni gbogbo ayé ń kí. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ahunṣọ bá fẹ́ pe ìpàdé lórí bí iṣẹ́ òfì yóò ṣe bá ayé kọ̀ǹpútà mu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wá alága kiri. Ta ni ó tún mọ sọ́fítíwià tó o? Ẹni tí ó yà á lórí bébà ni kí ẹ rán lọ ra omi tútù fún wọn.