Ọgọ́rùn-ún Irọ́ Tó Ń Bọ́ni Yó

Ọmọkùnrin kan jókòó síwájú fóònù rẹ̀, ó po gàrí sínú abọ́, ó sì ń ka iṣẹ́ mẹ́wàá tó ń darí ayé fún wa. Ipò kìíní? Ínfúlúẹ́ńsà, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Olórin ṣe ìkejì, agbábọ́ọ̀lù ṣe ìkẹta. Apanilẹ́rìn-ín wà ní ìkeje, dókítà tẹ̀ lé e, tíṣà tẹ̀ lé dókítà. Ó wá fi àgbẹ̀ sí ìkẹwàá, ó ní ká má baà gbàgbé àwọn bàbá wa lóko. Ó mu gàrí, ó sọ ẹ̀pà sẹ́nu. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ẹ̀rí tó mú wá kò gùn: èèyàn 400,000 ló ń tẹ̀ lé òun, dókítà wo ló lérò tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn?

Mo yẹ abẹ́ fídíò náà wò. Nínú 400,000 yẹn, mọ́kànlá péré ló fèsì. Mẹ́ta ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, ẹnì kan sì ń béèrè owó tó yá a.

Òwe kan ló sọ sí mi lọ́kàn: ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó pè é ní igba, tó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, á wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Ebi ni àwọn àgbà fi ń dẹ́rù ba òpùrọ́. Ṣùgbọ́n láyé tiwọn, kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ebè tí kò sí. Lónìí, ó wà. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ra fọ́lówà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún: ẹni tí a kò bí, tí kì í jẹun, tí kì í wẹ̀. Ọlọ́ṣẹ á ka orí wọn, á sanwó ìpolówó ọṣẹ fún ẹni tó kó wọn jọ. Owó náà kì í ṣe irọ́ o. Ọmọ wa á fi háyà ọkọ̀ bọ̀gìnnì, á ya fọ́tò nídìí rẹ̀, àwọn tó lẹ́jẹ̀ lára á wá máa tẹ̀ lé e nítorí ọkọ̀. Irọ́ ló kọ́kọ́ jẹ, ó yó, ó sùn. Nígbà tó máa fi jí, òótọ́ ti hù lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ta ló fẹ́ kìlọ̀ fún un?

Ẹ wo gàrí ẹnu rẹ̀ ná. Lẹ́yìn ọdún 1970, kòkòrò kan wọ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà, ibi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti wá. Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun bò ó lára, ó ń fa oje ẹ̀gẹ́ mu títí ewé á fi ká kò. Ọ̀tá tó ń pa á nílé kò bá a rìnrìn àjò, ló bá ń jẹ oko láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. N'Ibàdàn, ní IITA tó wà lọ́nà Ọ̀yọ́, Hans Herren, onímọ̀ kòkòrò láti Switzerland, ní àfi ká lọ wá ọ̀tá náà rí. Paraguay ni wọ́n ti rí i. Agbọ́n ni, ó kéré débi pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Inú kòkòrò yẹn ló ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú bọ́ síta. Wọ́n tú u sílẹ̀ n'Ibàdàn lọ́dún 1981. Nígbà tó yá, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń tú u sóko, ó sì dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 20. Ẹ̀gẹ́ yè. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ṣe nǹkan. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé lọ́dún 1995, àwa ń mu gàrí wa lọ.

Onímọ̀ kòkòrò kò sí nínú iṣẹ́ mẹ́wàá yẹn. Ká ní ogún ló kà, kò ní sí níbẹ̀. Òwe wa pàápàá kò ríbi fi í sí: ó mọ ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún tó pè é ní igba, kò sọ ti ẹni tó gbin igba tó panu mọ́. Dókítà tí wọ́n sì tì sípò kẹjọ yẹn ńkọ́? Ní oṣù keje ọdún 2014, Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀, aláìsàn tó gbé Èbólà wọ Èkó kò ní jáde lọ́sibítù àwọn, bó ti wù kí wọ́n halẹ̀ tó. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, àrùn náà pa á. Ẹni tó bá ti fún mọ́ra nínú dánfó l'Ọ́bàléńdé rí mọ ohun tó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n tò ó sí! Ẹ ò rí ìwọ̀sí!

Ṣùgbọ́n n kò lè bínú sí ọmọ náà pẹ́. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì ń ṣiṣẹ́; òru ló ń gé fídíò, nídìí jẹnẹrétọ̀. Ó wo ibi tí à ń náwó sí, ó lọ dúró síbẹ̀. Ṣebí àwa náà là ń gbé e jókòó níwájú lóde ìyàwó, tí tíṣà tó kọ́ ìyàwó ní A, B, D á máa wá àga lẹ́yìn kanópì?

Ìyá kan ládùúgbò wa fọwọ́ lẹ́rán láìpẹ́ yìí. Ọmọ rẹ̀ kọ ìṣègùn sí fọ́ọ̀mù JAMB, máàkì kò tó, yunifásítì ní kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo irè oko.

"Bùọ̀dá, dókítà lọmọ mi fẹ́ ṣe, kòkòrò ni wọ́n ní kó máa lọ wò!"

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ó lọ." Mo sọ ìtàn agbọ́n fún wọn látòkè délẹ̀. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, wọ́n wò mí lójú.

"Òyìnbó yẹn, ilé mélòó ló kọ́ s'Ibàdàn?"