Bàbá Hayabusa Kò Tíì Fẹ̀yìn Tì

Nígbà tí Suzuki gbé alùpùpù Hayabusa jáde ní 1999, eré rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹjọ́. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe alùpùpù fi fẹnu kò láàárín ara wọn pé eré ò gbọ́dọ̀ kọjá 299 kìlómítà ní wákàtí kan mọ́. Àní 299! Bí ọ̀mùtí tí dókítà ní kó dín ẹmu kù, tó wá fi ẹ̀kán kan sílẹ̀ ní ìdí akèrègbè.

Ṣé ó ṣì lè bá àwọn ọmọ ìsinsìnyí figa gbága? Lórí ìwé, rárá o. BMW S1000RR àti Ducati Panigale V4 ti kọjá agbára ẹṣin 200, wọ́n sì fúyẹ́. Hayabusa ti 2021 ní 190, èyí tó ṣáájú rẹ̀ sì ní 197! Òfin èéfín ilẹ̀ Yúróòpù ló bù ú kù. Owó rẹ̀ ní tirẹ̀ kò gbọ́ nípa òfin kankan.

Àwọn aago ìwọ̀n alábẹ́rẹ́ ló ṣì tò síwájú rẹ̀, síkíríìnì kékeré kan há sáàárín wọn bí àlejò. Alùpùpù náà tẹ̀wọ̀n tó kìlógíráàmù 264. Ẹ má jẹ́ kó wó lé yín lẹ́sẹ̀.

Bó bá jẹ́ pápá ìdíje oníkọ́nà lẹ̀ ń lọ, ọmọdé ni kẹ́ ẹ rà. Ṣùgbọ́n lójú títì gbọọrọ Jámánì, láwọn ibi tí wọn ò ti fi òdiwọ̀n sí eré, bàbá ṣì ni bàbá. Kẹ́ ẹ sáà kọ́kọ́ béèrè iye owó táyà ẹ̀yìn.