Ilé Ọba Tó Jó ní Anyama

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bí ẹ bá ń gbé láàárín àwa Yorùbá Àbíjàn, ẹ ò ní í ṣe ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ má gbọ́ òwe yìí. Wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹnìkan ní Adjamé, ilé ọba tó jó ni. Àgbàrá ya wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, ilé ọba tó jó ni. Ìyàwó kẹ́rù jáde, ọkọ ń wá ọmọge kiri, òun náà ti di ọba, ilé rẹ̀ ló jó. Gbogbo wa la mọ òwe náà pa. Ohun tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ni ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé e: ta ló san owó ẹwà tó bù sí i?

Àwọn tó pa òwe náà mọ ìdáhùn, ìyẹn ni wọn ò fi da ara wọn láàmú láti sọ ọ́. Nígbà ayé ilé koríko, bí iná bá mú ààfin, ọba kì í fúnra rẹ̀ gun òrùlé. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin a máa ru koríko bẹẹrẹ wá lọ́dọọdún láti fi tún orí ààfin bò, ọdún Bẹẹrẹ ni wọ́n sì ń pe àjọ̀dún náà. Ogunlọ́gọ̀ ọwọ́ ló ń gé e, ogunlọ́gọ̀ orí ló ń rù ú, ọba jókòó, ó ń wò. Ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀ jó, kí ni yóò ṣe tí kò ní í lẹ́wà sí i? Òwe náà kò ní ilé alágbàṣe tó jó. Ilé ọba ló wí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Anyama, lẹ́bàá Àbíjàn, tí kò ka òwe náà dé ibẹ̀ yẹn. Bàbá Ìbejì ni mo ń pè é. Ọmọ Èjìgbò ni, ìyẹn kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí ẹni tó bá ti dé Èjìgbò rí á ti gbọ́ Faransé láàárín ọjà, á sì ti rí bọ́ọ̀sì tó ń gba Benin, Togo àti Ghana kọjá wá sí Àbíjàn. Obì ni òwò rẹ̀. Anyama sì ni ibùdó obì ilẹ̀ yìí: láti inú igbó gúúsù ni wọ́n ti ń kó o wá síbẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Júlà ti ń dì í lọ sí Mali àti Burkina Faso. Gbànja ni obì ọ̀hún. Orúkọ Gonja, ilẹ̀ kan ní òkè Ghana, ni àwọn baba wa yí padà di gbànja, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ìgbà yẹn ń kó o gbà.

Ẹ wá wo Bàbá Ìbejì nídìí obì. Kò sí ẹni tó lè fi awọ tàn án. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á bó èèpo funfun ara rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, òun á wá jókòó ti apẹ̀rẹ̀, á máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ ti tó fún un, ó ti mọ̀ pé kòkòrò wà nílé. Kòkòrò obì a máa bá a láti oko bọ̀. Òde á máa dán, inú á ti di ìyẹ̀fun. "Má wo pípọ́n rẹ̀ o," ni ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́.

Ọkùnrin yìí kan náà ló ra mọ́tò.

Peugeot 504 Coupé ni, onílẹ̀kùn méjì. Kì í ṣe 504 tí a mọ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975, tí ọ̀gá ìjọba ń fẹ̀yìn tì sí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀. Onílẹ̀kùn méjì yìí, ilé iṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ló yàwòrán rẹ̀; ó jáde ní 1969, wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe é ní 1983. Ilẹ̀ Côte d'Ivoire sì ní ìtàn pẹ̀lú rẹ̀. Òun ni Jean-Pierre Nicolas fi gba ipò kìíní ní 1978 nínú ìdíje Bandama, eré mọ́tò inú igbó tó le débi pé ní 1972 kò sí ẹyọ mọ́tò kan tó parí rẹ̀. Ẹrẹ̀ pupa ni ọ̀dà mọ́tò tó bá ń sá irú eré bẹ́ẹ̀. Bóyá ó ń dán tàbí kò dán, kò sẹ́ni tó bèèrè.

Ti Bàbá Ìbejì kò sá eré kankan rí, àfi èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń sá fún mẹkáníìkì tó jẹ lówó. Funfun rẹ̀ ti di àwọ̀ ẹ̀kọ àná. Ṣùgbọ́n ó ń rìn. Ó ń gbé e lọ sójà, ó ń gbé e padà wálé, kò sì bá a ṣe ẹjọ́.

Kí ló wá dé? Bọ́ọ̀lù ló dé. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 7 oṣù Kejì 2024, Nàìjíríà fi pẹnárítì lé South Africa lọ ní Bouaké, ó ku Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀. Àṣekágbá sì di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11, ní pápá ìṣeré Ebimpé. Anyama ni Ebimpé wà. Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà fẹ́ wá bá ọ̀rẹ́ mi ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó wá wo mọ́tò rẹ̀, ojú tì í. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ tólíyé, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe níbí.

"Àwọ̀ ewé," ni ó wí. "Àwọ̀ ewé ti Nàìjíríà gan-an. Ọjọ́ Àìkú ni mo fẹ́ gbà á."

Tólíyé náà, ọmọdékùnrin kan, wo mọ́tò, ó wò ó. "Tọ́ńtọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fá a ná."

"Fífá ti wo? Ṣé orí ni? Kùn ún!"

Ó ṣe pàtàkì kí n sọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀dà là ń sanwó fún. Ọ̀dà ló kéré jù níbẹ̀. Wọ́n ní láti tú iná, rọ́bà, gíláàsì àti gbogbo irin dídán kúrò. Wọ́n ní láti fá ọ̀dà àtijọ́ títí wọn yóò fi rí irin, kí wọ́n gé ibi tó dípẹtà sọnù, kí wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni màsítíìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́dì fílà l'Ékòó, tín-ín-rín báyìí, kó kàn fi dí ojú ibi tí kò tẹ́jú. Kí wọ́n fi sáńpépà àti omi rà á, kí wọ́n fi práímà sí i, kí wọ́n tún rà á. Ìgbà yẹn ni ọ̀dà yóò tó jáde nínú agolo, fáníìṣì á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi bọ̀ síbi ọ̀dà, ibi tí ìnáwó ti parí ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ lé ara wọn wìtìwìtì láìjẹ́ kó sinmi, ojú rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á tutù.

600,000 sẹ́fà ni Bàbá Ìbejì san. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin ilẹ̀ yìí gbà kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ ni 75,000. Oṣù mẹ́jọ òṣìṣẹ́ ló fi kun mọ́tò fún bọ́ọ̀lù àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Mo sọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ ti mọ òwe tó fi dá mi lóhùn.

Ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Bàbá Ìbejì, owó ilé ìwé àwọn ọmọ tutù púpọ̀."

Ọjọ́ Àìkú pé. Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé fún wa. Mọ́tò aláwọ̀ ewé wà níta, ó ń dán bí ojú ọ̀nì, ọ̀rẹ́ mi ń fọn fèrè. Lẹ́yìn ìsinmi, Kessié ti Côte d'Ivoire dá a padà. Haller na ẹsẹ̀ gba èkejì. Ó parí. Gbogbo Anyama di àwọ̀ ọsàn, ènìyàn ń ti inú ilé jáde bí eéṣú, mọ́tò kan ṣoṣo tó jẹ́ àwọ̀ ewé sì wà láàárín wọn bí àlejò tí kò gbọ́ èdè. Kí n má parọ́ mọ́ wọn, wọn kò bà á jẹ́. Ijó ni wọ́n jó. Àwọn ọmọdé kan gun bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n jókòó, wọ́n fọwọ́ tì í, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta lára ọ̀dà náà, àti ìdí ẹnìkan, kedere, bí ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú àmọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ènìyàn, ẹ rò pé ó máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ó ní òun á kun ún ní àwọ̀ ọsàn, kóun náà lè bá àwọn ará ilé yọ̀. Tólíyé fẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Àwọ̀ ọsàn ni takisí ẹlẹ́rọ-ìkàwó Àbíjàn. "Tọ́ńtọ́n, gbogbo ẹni tó bá ń lọ Plateau ló máa nawọ́ sí yín." Ó yọ àwọ̀ ìyeyè, takisí wòrò-wòrò Cocody ló ni ín. Ó yọ àwọ̀ sánmà, ti Yopougon ni. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò sí dúdú, ọmọdékùnrin náà sì taku pé òun ò ní í fi ọ̀dà kàn án bí òun ò bá fá a.

Ó kọ́kọ́ mú òòfà kékeré kan jáde lápò, ó fi lẹ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Òòfà jábọ́. Ó gbé e síwájú, ó tún jábọ́. Irin kò sí níbẹ̀, màsítíìkì ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Abẹ́ àwọ̀ ewé ni funfun, abẹ́ funfun ni pupa, abẹ́ pupa ni àwọ̀ aró, abẹ́ aró ni màsítíìkì tó nípọn bí búrẹ́dì, abẹ́ màsítíìkì ni ihò tí ológbò lè gbà kọjá. Mo wò ó, mo ka ìtàn ibẹ̀ bí ẹni ń ka orúkọ ọba: ọba aró jẹ, ilé rẹ̀ jó, ọba pupa jẹ, ilé rẹ̀ jó, ọba funfun tẹ̀ lé e. Kálukú bu ẹwà sí i, ó tà á fún ẹni tó kàn, ó sá. Ọ̀rẹ́ mi tí kì í ra obì láìtẹ̀ ẹ́ léèékánná, òun ni ọba kẹrin, òun ni ihò já lé lọ́wọ́.

Owó tuntun tí wọ́n pè jẹ́ 1,900,000 sẹ́fà. 350,000 ni ọ̀dà nínú rẹ̀. Ìyókù, irin ni.

Ó ké gbàjarè, ó pe àbúrò rẹ̀ ní Paris, bóyá ti ọ̀hún á dínwó. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ní Yúróòpù, kí wọ́n fá mọ́tò àtijọ́ dé irin kí wọ́n sì tún un kùn dáadáa lè gba 10,000 yúrò, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà, kì í yí padà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀, owó iṣẹ́ ọdún méje àti oṣù mẹ́ta fún ẹni tó ń gba 75,000. Àwọn tó ń ṣe é níbẹ̀ ní ọgbọ́n tiwọn, torí mọ́tò tí wọ́n kùn bẹ́ẹ̀ lè lówó lórí lọ́jà. Anyama kò ní irú ọjà yẹn. Láti rọ́pò rẹ̀ pàápàá ti le. Láti 2018 ni ìjọba ti ní mọ́tò àlòkù tó bá ti ju ọdún márùn-ún lọ kò gbọdọ̀ wọlé mọ́ bí ó bá jẹ́ ti ara ẹni, òpin sì ti dé bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn "Faransé ó dàbọ̀" tí à ń rà tẹ́lẹ̀, àwọn tí ará Èkó ń pè ní tòkunbọ̀. Ẹni tó bá ní ògbólógbòó, kó yáa dì í mú. Ọ̀dà sì rèé, ó ń dán nínú agolo.

Bàbá Ìbejì rán mi létí pé ìjọba náà náwó tún nǹkan ṣe ní Ebimpé. Òótọ́ ni. Pápá náà ṣí ní 2020, ó rẹwà, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án 2023 òjò rọ̀ nígbà tí Côte d'Ivoire ń bá Mali gbá, omi dúró lórí koríko, wọ́n sì dá eré náà dúró. Kí ife tó dé, wọ́n ti tún un ṣe. Ilé ọba tó jó, àbí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Ìbejì, ọba nìyẹn. Wọn kò sì fi ọ̀dà kun àga òkè nígbà tí omi wà nísàlẹ̀, pápá fúnra rẹ̀ ni wọ́n dojú kọ. Àti pé èmi pẹ̀lú rẹ la ru bẹẹrẹ rẹ̀, nínú owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa lọ́jà. Ta ni yóò ru tìrẹ?

Kò dá mi lóhùn. Mọ́tò náà ṣì wà lọ́dọ̀ tólíyé, wọ́n fi tapólì bò ó, adìẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀. Mo bá a pàdé nínú bọ́ọ̀sì gbáká láàárọ̀ Ẹtì tó kọjá, àpò obì kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń lọ Adjamé. Ó san owó tirẹ̀, ó san tèmi.